Ẹ Bi Wá: Owó Ìbọn àti Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ìsanwó Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Mẹ́ta nínú àwọn ìwé tó wọlé sí wa lóṣù yìí dá lé ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìbọn àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. A kó wọn pọ̀ nítorí pé ìdáhùn sí èkíní ń la ọ̀nà fún èkejì. A gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè láti Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ awọ ni mo ń ṣe. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń ṣe bẹ́líìtì, bàtà àti àpò obìnrin tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìpẹ́ yìí ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n bá wọn ṣe àkọ̀ ìbọn, ìyẹn awọ tí wọ́n ń ti ìbọn ìléwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó so ó mọ́ ìdí. Oníbàárà kan san owó àkọ̀ mẹ́ta, ó sì kọ orúkọ irú ìbọn tó ní sí abẹ́ owó tó fi ránṣẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá a pé ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí mo ń lò ti ti àkáǹtì mi pa, wọ́n sì ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó inú rẹ̀, títí kan owó bàtà àti ti àpò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí mi, pé mo rú ìlànà ìlò wọn. N kò ta ìbọn rí láyé mi. Ní Texas níbí, láti 2021 ni òfin ti gba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Òfin wo gan-an ni mo rú? Ṣé wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó iṣẹ́ ọwọ́ mi mú báyìí?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìnira, a sì bá yín kẹ́dùn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí wa, a kò rí òfin ìjọba kankan tí ẹ rú. Àdéhùn ni ilé-iṣẹ́ náà gbà pé ẹ rú, àdéhùn yẹn sì ti mú yín láti ọjọ́ tí ẹ ń ṣí àkáǹtì, tí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ gbà. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti onísọ̀ tó kìlọ̀ fún àwọn tó háyà ìsọ̀ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta epo bẹntiróòlù níbẹ̀: ìjọba kò fòfin de epo, síbẹ̀ ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì síta níwájú ìsọ̀ yẹn yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Èèwọ̀ yìí ti pẹ́. Láti 1999 ni eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọ títa ìbọn lórí ọjà rẹ̀, ó ra PayPal, ilé-iṣẹ́ ìsanwó, ní 2002, wọ́n sì jọ wà pa pọ̀ títí di 2015. Ìlànà ìlò PayPal sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sanwó ìbọn, ọta ìbọn, tàbí àwọn ẹ̀yà ara àti ohun èlò ìbọn kan. Square, ilé-iṣẹ́ ìsanwó mìíràn, fi irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn tirẹ̀ ní 2013. Stripe náà fi ìbọn sára àwọn òwò tó kà léèwọ̀ tàbí tó fi ìkálọ́wọ́kò sí, Apple kò sì gbà kí ojú òpó kankan fi Apple Pay, ètò ìsanwó rẹ̀, gba owó ìbọn tàbí ọta. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ohun èlò ìbọn ni PayPal dárúkọ, díẹ̀ nínú wọn ni. Irú ọ̀rọ̀ tí kò ní ààlà bẹ́ẹ̀ ni àkọ̀ awọ yín há sí, nítorí pé awọ tí a gbẹ́ sí ìrísí ìbọn kò lè yìn lára ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí oníbàárà kọ sábẹ́ owó kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn àti ohun tí a ń ti ìbọn bọ̀.

Kí ó lè yé yín ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń sá fún ọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ra ìbọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Òfin ìbọn ti 1968 kò jẹ́ kí òǹtajà fi ìbọn ránṣẹ́ tààrà sí ilé ẹni tó rà á ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Owó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ṣùgbọ́n ìbọn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nítòsí ilé olùrà. Nídìí káńtà oníṣòwò yẹn ni olùrà yóò ti fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, tí yóò kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 4473, tí yóò sì fọwọ́ sí ìdáhùn rẹ̀ sí àwọn ìbéèrè bíi bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí, bóyá ó ń lo oògùn olóró, àti bóyá òun gan-an ló ń ra ìbọn náà fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú ètò àyẹ̀wò tí FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998. Èsì kan nínú mẹ́ta ló máa ń padà wá: kó máa lọ, kó dúró ná, tàbí a kò gbà.

Ilé-iṣẹ́ ìsanwó kò sí nídìí káńtà yẹn. Ohun tó ń rí kò ju iye owó, orúkọ ẹni tó san án, orúkọ ẹni tó gbà á àti ohun tí wọ́n bá kọ sábẹ́ owó lọ. Bí aládùúgbò kan bá sì ta ìbọn rẹ̀ fún aládùúgbò mìíràn nínú ìpínlẹ̀ kan náà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò ní dandan kí ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò ìbọn yẹ ẹnikẹ́ni wò kí ó tó gba owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi dandan tiwọn kún un. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé owó láti fóònù kan sí òmíràn kò ní ọ̀nà láti mọ èwo ló gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, èwo ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ yóò wà nínú ìwé ọlọ́pàá. Lójú tiwa, ìdí yìí tó ìdí, a kò sì lè dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi pé ó ń ṣọ́ra nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í sábà rí. Òǹtajà ńlá máa ń lọ sí báǹkì láti gba àkáǹtì òǹtajà tirẹ̀, báǹkì yóò sì wádìí rẹ̀ dáadáa kí ó tó fún un. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Square àti Stripe, abẹ́ orúkọ tiwọn ni wọ́n ń kó àìmọye òǹtajà kéékèèké sí, èyí ló fà á tí ẹ fi lè ṣí àkáǹtì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìfojú kan ẹnikẹ́ni. Bí òǹtajà kan bá ṣe màgòmágó, tàbí tí oníbàárà rẹ̀ bá ní kí báǹkì gba owó òun padà, ọrùn ilé-iṣẹ́ náà ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Báǹkì tó wà lẹ́yìn wọn àti àwọn onílé káàdì bíi Visa àti Mastercard náà ní ìlànà tiwọn. Nítorí náà, ó rọrùn fún wọn láti ti ìlẹ̀kùn pa mọ́ gbogbo ohun tó bá ti jọ mọ́ ìbọn ju kí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ tí yóò máa yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè wá sọ pé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹ̀tọ́ ìbọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àtúnṣe kejì sí ìwé òfin wọn, tó ti wà láti 1791, sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó so lọ́wọ́. Kò fi dandan lé ilé-iṣẹ́ aládàáni pé kí ó bá ẹnikẹ́ni ṣòwò. Ìpínlẹ̀ yín pàápàá gbé òfin kan jáde ní 2021 tó ní kí àjọ ìjọba má ṣe gbé iṣẹ́ ńlá fún ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí àwọn oníṣòwò ìbọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni òfin náà ń sọ, kò dé orí àkáǹtì yín. Atẹ́gùn òṣèlú tún máa ń yí ìlànà àwọn báǹkì padà. Lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yìnbọn pa èèyàn 17 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, ní Florida, ní oṣù Kejì ọdún 2018, báǹkì Citigroup sọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e pé àwọn oníbàárà òun tó ń ta ìbọn kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 tàbí ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò bá tíì yọrí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, báǹkì náà pa ìlànà yẹn tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó báǹkì má ṣe jẹ́ kí a máa ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa nítorí ìṣèlú, ìgbàgbọ́ tàbí òwò wọn tó bófin mu. Àwọn aláṣẹ ni àṣẹ náà rán níṣẹ́, kò sọ pé kí àkáǹtì yín ṣí padà lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti ká wa lára jù. Ilé-iṣẹ́ lè sọ pé òun kò bá yín ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó bàtà tí oníbàárà ti gbà, tó sì ti wọ̀ lọ sóde, kí wọ́n sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá oníṣẹ́ ọwọ́ lóhùn, ìyẹn kò dára, a kò sì ní pè é ní ohun tó dára. Àdéhùn ọ̀pọ̀ wọn gbà wọ́n láyè: ti PayPal, fún àpẹẹrẹ, fi àyè sílẹ̀ fún un láti di owó mú títí dé 180 ọjọ́, kí ó lè rí nǹkan san bí oníbàárà bá ní kí owó òun padà wá. Èyí túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí owó náà padà sọ́wọ́ yín, kì í ṣe pé ó ti bọ́ pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín gba owó yẹn jáde, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tí a máa rọ̀ yín láti ṣe nìyí. Ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ewé àkáǹtì náà báyìí, kí wọ́n tó dí yín lọ́nà àtiwọlé. Ẹ kọ ìwé sí wọn, kí ẹ ya owó àkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó bàtà àti àpò, kí ẹ so ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ ọjà mọ́ ọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó ṣe tààrà: apá wo nínú ìlànà yín ló ka àkọ̀ awọ léèwọ̀? Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fi ẹjọ́ wọn sun Consumer Financial Protection Bureau, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ owó, àti Texas Department of Banking, tó ń fún àwọn tó ń gbé owó kiri ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ tún ka ibi tí àdéhùn yẹn ti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń yanjú aáwọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ onílàjà dípò kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ máa ṣe àkọ̀ ìbọn, ẹ wá àkáǹtì òǹtajà ní báǹkì tó mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ṣe da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó bàtà.

Ìbéèrè láti Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, mo kí yín o. Bàbá àwọn ọmọ mi fi káàdì ra ìbọn ìṣọdẹ níbí. Wọ́n wá ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àwọn onílé káàdì ti ní àmì kan tí wọ́n ń fi kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ra ìbọn sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí àjèjì ni wá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú àníyàn, ìyá wa. Àmì kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín. Gbogbo òǹtajà tó ń gba káàdì ló ní nọ́ḿbà onídíjìtì mẹ́rin tó ń sọ irú ọjà tó ń tà: ilé oúnjẹ ní tirẹ̀, ilé epo ní tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú nọ́ḿbà àwọn tó ń ta ohun èlò eré ìdárayá ni ìsọ̀ ìbọn sábà máa ń wà. Amalgamated Bank tó wà ní New York ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá nọ́ḿbà sílẹ̀ fún wọn, ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀, sì gbà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Nọ́ḿbà náà ni 5723.

Ìsọ̀ ni nọ́ḿbà yẹn ń dárúkọ, kì í ṣe ọjà. Bí ọkọ yín bá ná 1,500 dọ́là ní ìsọ̀ ìbọn, ohun tí ilé-iṣẹ́ káàdì rí ni ọjọ́, iye owó, orúkọ ìsọ̀ àti 5723. Kò mọ̀ bóyá ìbọn ni, bóyá bàtà ìṣọdẹ ni, bóyá àpótí irin tí wọ́n ń ti ìbọn mọ́ kí ọwọ́ ọmọdé má bàa tó o ni. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ìtajà ńlá tó ń ta oríṣiríṣi nǹkan ló ti rà á, nọ́ḿbà ti ilé ìtajà ńlá ni yóò jáde.

Àwọn tó ń fẹ́ àmì náà kò ṣàdédé fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ọkùnrin kan yìnbọn pa èèyàn 49 ní ilé ijó Pulse ní Orlando. Àwọn oníròyìn tó tọpa owó rẹ̀ rí i pé ó ti fi káàdì ná ohun tó ju 26,000 dọ́là lọ láàárín ọjọ́ 12 ṣáájú ọjọ́ náà, ìbọn àti ọta sì wà lára ohun tó rà. Èrò wọn ni pé bí báǹkì bá ní ohun tó lè fi mọ irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, bóyá ì bá ti ta ọlọ́pàá lólobó. A ò lè fojú kékeré wo èrò yẹn nígbà tí a bá rántí àwọn tó kú. Síbẹ̀ àpótí irin tó dára lè wọ́n ju ìbọn lọ, ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀ yóò sì jọ ẹni tó ń kó ìbọn jọ lójú nọ́ḿbà yìí.

Àwọn ìpínlẹ̀ ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Visa, Mastercard àti American Express dá iṣẹ́ dúró lórí àmì náà nítorí awuyewuye. Lọ́dún yẹn kan náà, Florida àti Texas wà lára àwọn tó fòfin dè é, Florida sì fi owó ìtanràn tó lè tó 10,000 dọ́là sí i. Ìpínlẹ̀ tiyín ṣe òdìkejì: òfin California ní kí àwọn onílé káàdì ti gbé àmì náà kalẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2024, kí wọ́n sì ti fi í sára àwọn ìsọ̀ ìbọn títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Colorado àti New York náà ṣe òfin tó jọ ọ́ ní 2024.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé ni pé ìjọba California fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ọkọ yín ra ìbọn, bó fi káàdì rà á, bó fi owó lásán rà á. Nígbà tó fẹ́ rà á, wọ́n gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìsọ̀, àkọsílẹ̀ náà lọ sí iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yín, ó sì dúró fún ọjọ́ 10 kí wọ́n tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Káàdì kò fi ohun kan tó ṣe pàtàkì kún ìyẹn. Ohun tí yóò dáàbò bo ilé yín ni pé kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà ní ìtòsí, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ọ̀pọ̀ àjèjì tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ láyè láti ní ìbọn lọ́wọ́. Bí ìwé rẹ̀ bá pé, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ tètè rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìgbélùú, kí ọkọ yín tó gbé ìbọn náà jáde kúrò nílé rárá.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo máa ń bá àwọn èèyàn kọ ojú òpó ìtajà. Oníbàárà mi kan ní Amẹ́ríkà ń ta ọta ìbọn àti ohun èlò ìṣọdẹ. Ó ní kí n kọ “ohun èlò eré ìta” sí gbogbo ọjà rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ ìsanwó má bàa mọ̀. Ó tún ní bí kò bá ṣeé ṣe, kí n jẹ́ kí owó máa gba àkáǹtì tèmi wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó bá purọ́ nípa ọjà tó ń gba owó rẹ̀ ń tan ilé-iṣẹ́ ìsanwó àti báǹkì jẹ. Bí wọ́n bá já a, Mastercard ní àkọsílẹ̀ àwọn òǹtajà tí a lé, tí wọ́n ń pè ní MATCH, orúkọ ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Báǹkì tó bá yẹ ibẹ̀ wò kì í fẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àkáǹtì òǹtajà mọ́. Ní ti àkáǹtì tiyín, owó ọta ìbọn tó bá gba orúkọ yín wọlé ní Nàìjíríà yóò di ìbéèrè tí báǹkì àti àwọn aláṣẹ yóò bi yín, ẹ̀yin tí ẹ kò rí ọta kan rí.

Ọ̀nà tó tọ́ wà fún oníbàárà yín. Àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń gba oníṣòwò ìbọn. Owó tí wọ́n ń gbà lórí káàdì sábà máa ń ju ti àwọn yòókù lọ, wọn yóò sì béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ bó bá ń ta ìbọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí ọjà tó ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ó ṣí àkáǹtì yẹn ní orúkọ ara rẹ̀, kí ó fún yín ní ìsọfúnni tí ẹ óò fi so ó mọ́ ojú òpó náà. Kí ẹ sì fi ímeèlì sọ ọ́ fún un, kì í ṣe lẹ́nu nìkan, pé orúkọ tí ọjà ń jẹ́ gan-an ni ẹ óò kọ sí i, kí ẹ tọ́jú èsì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.